Ibi tí aró kò dé

Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo jókòó ti ẹ̀rọ tí mo fi ń ka ìtànṣán gámà, irú ìmọ́lẹ̀ alágbára kan tí ojú kò lè rí, ní yàrá iṣẹ́ mi ní Abẹ́òkúta, ìlà tó máa ń lọ gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà sì dédé gbé orí sókè. Kì í ṣe ìfòsókè kékeré tí ènìyàn lè fojú fò. Ó gòkè, ó sì dúró sókè. Mo ṣí ímeèlì mi, mo bá ìkéde kan níbẹ̀ pé sátẹ́láìtì Fermi ti rí ìbúgbàù ìtànṣán gámà kan lójú ọ̀run ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Mo pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjèèjì pé kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá. Mo pe ọ̀gá tó tọ́ mi sọ́nà nígbà tí mo ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Gúúsù Áfíríkà, mo ní a ti rí i, láti Abẹ́òkúta níbí.

Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé òjò rọ̀ ní ìlú yín lónìí?

Màá padà sórí òjò yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí, ọmọ aládìrẹ ni mí. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú bíírò ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sórí aṣọ funfun. Màámi á se ẹ̀kọ láfún, wọ́n á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n á máa fi ìyẹ́ tọ́ ọ sára aṣọ bí ọkàn wọn bá ṣe darí wọn. Tó bá gbẹ tán, ó di inú ìkòkò aró. Aró á mu gbogbo ara aṣọ, àyàfi ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Tí wọ́n bá wá họ ẹ̀kọ náà kúrò, ibi funfun tó kù yẹn ni oníbàárà ń wò kó tó sanwó. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé aró ni iṣẹ́ náà.

Olùkọ́ físíìsì wa ní SS2 ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìtànṣán wọ inú orí mi. Láti ojú fèrèsé kíláàsì wa, a máa ń rí Olúmọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí àpáta yẹn? Ìtànṣán ń ti inú rẹ̀ jáde." Kíláàsì pa lọ́lọ́. Wọ́n wá ṣàlàyé pé gíráníìtì ni àpáta ìlú wa, pé gíráníìtì máa ń ní uranium, thorium àti potassium díẹ̀díẹ̀ nínú, pé ìwọ̀nba tó ń jáde lára wọn kò pa àwọn baba wa tó sá wọ inú ihò Olúmọ nígbà ogun, kò sì ní í pa àwa náà. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sókè. "Òmíràn ń ti òkè wá. Ìyẹn ni ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ilé rẹ̀ dájú."

Wọ́n ní kí á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wa sí afẹ́fẹ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n ní, èérún kan tàbí méjì ń gba àtẹ́lẹwọ́ yín kọjá, ẹ ò sì mọ̀. Mo tẹ́ ọwọ́ mi síbẹ̀ títí aago fi lù.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ náà kò tíì sú mi di òní. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú iná mànàmáná ń pàdánù iná inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ dé e pa. Nǹkan kan ń wọlé bá a. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé inú ilẹ̀ àti inú òkúta ni nǹkan náà ti ń wá. Èrò tó bọ́gbọ́n mu ni. Èmi tó jẹ́ ọmọ abẹ́ àpáta, mi ò lè bá wọn jiyàn. Ní 1910, Theodor Wulf gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ gun Eiffel Tower ní Paris, ó retí pé bí òun bá ti jìnnà sí ilẹ̀, iye náà yóò lọ sílẹ̀ gan-an. Kò lọ sílẹ̀ tó bó ṣe rò. Domenico Pacini, ará Ítálì, gba ọ̀nà mìíràn: ó ri ẹ̀rọ rẹ̀ sínú omi ní 1911, ó rí i pé ó dín kù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń fà á, kí ni omi tó wà lókè ẹ̀rọ ń dí lọ́nà? Nígbà tó di ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1912, Victor Hess, ará Austria, wọ inú bàlúùnù, ó gòkè tó bíi mítà 5,300. Bó ṣe kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, iye náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ó ń jìnnà sí òkúta lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń gòkè, títí ó fi di ìlọ́po mélòó kan ohun tó wà nílẹ̀. Láti òkè ló ti ń bọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1936, òun àti Carl Anderson.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn náà ni pé àwọn tó sọ pé òkúta ni kò purọ́. Òkúta ń ṣe tirẹ̀, ọ̀run ń ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ènìyàn ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó ń ti òkè wá ni cosmic rays. Èmi máa ń pè é ní ìtànṣán ojú ọ̀run fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí a bá pè é ní ìtànṣán, èérún ni ní tòótọ́. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ pírótọ́ọ̀nù, ìyẹn àárín átọ́ọ̀mù háídírójìn. Bó bá sáré dé, tó kọlu afẹ́fẹ́ lókè lọ́hùn-ún, ó ń fọ́, àfọ́kù rẹ̀ ń kọlu òmíràn, títí yóò fi di ìwọ́jọ èérún tó ń já bọ̀ wá sílẹ̀. Múọ́ọ̀nù ni èyí tó ń dé àtẹ́lẹwọ́ wa jù. Ẹ̀mí múọ́ọ̀nù kò gùn: tó bá dúró lójú kan, ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, méjì péré nínú rẹ̀ àti díẹ̀ ló ń lò. Ìwọ̀n àkókò yẹn kò tó láti gbé e sáré kìlómítà kan, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bíi kìlómítà 15 ló ti ń bọ̀. Ó ń dé nítorí pé eré rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aago tirẹ̀ ń falẹ̀ lójú wa, gẹ́gẹ́ bí Einstein ṣe wí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra mi ní yunifásítì, tí ó bọ́ sí i, mo pa ìwé dé, mo jáde lọ rìn kiri nínú ọgbà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èérún wọ̀nyí ní iná lára, òòfà tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ sì ń yí wọn lọ́nà. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, apá ibi tó ti wọlé kì í ṣe apá ibi tó ti gbéra. Ó dà bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn yín láti ẹ̀yìnkùlé: ẹ kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé ẹ̀yìn ilé yín ló ń gbé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1991, ẹ̀rọ kan ní Utah, ní Amẹ́ríkà, rí ẹyọ èérún kan tí agbára rẹ̀ tó ti bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí wọ́n fi gbogbo ara gbá. Ẹyọ kan, tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ. Kí ló lè ju nǹkan báyẹn?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀kan nínú ohun tí a fura sí ni ìbúgbàù ìtànṣán gámà, nítorí kò sí ohun mìíràn tí a mọ̀ nígbà náà tó ń tú agbára tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ìtànṣán gámà kò ní iná lára ní tirẹ̀, ọ̀nà tààrà ló ń rìn, ó ń jẹ́ kí a mọ ibi tó ti wá.

Mo fẹ́ràn ìtàn bí wọ́n ṣe rí àwọn ìbúgbàù yìí, mo sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá bá mi ṣiṣẹ́. Ní 1963, Amẹ́ríkà, Sófíẹ́ẹ̀tì àti Bìrìtìkó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wò mọ́ nínú afẹ́fẹ́ àti lójú ọ̀run. Amẹ́ríkà gbé àwọn sátẹ́láìtì kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Vela sókè láti máa ṣọ́ ẹni tó bá fẹ́ dalẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje 1967, àwọn sátẹ́láìtì náà rí ìtànṣán gámà kan tó bù yẹ̀rì. Kò jọ ti bọ́ǹbù. Wọn kò sá jáde lọ pariwo. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n dúró de àwọn sátẹ́láìtì tó sàn jù, wọ́n ń to òmíràn jọ, wọ́n wò ó bóyá oòrùn ni, kì í ṣe oòrùn. Bóyá inú ayé ni, kì í ṣe inú ayé. Ní 1973 ni Ray Klebesadel, Ian Strong àti Roy Olson tó kọ ọ́ jáde, pẹ̀lú ìbúgbàù 16. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń yọ ohun tí kì í ṣe é kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀: ṣé nítòsí ni, àbí ọ̀nà jíjìn? Ẹ̀rọ BATSE tó gòkè lọ ní 1991 ka 2,704 kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa ni wọ́n ti ń wá, wọn ì bá tò gẹ́gẹ́ bí àmùrè ìmọ́lẹ̀ tí a máa ń rí lójú sánmà lóru nígbà tí iná kò bá sí. Wọn kò tò bẹ́ẹ̀. Ibi gbogbo lọ́gbọọgba ni wọ́n wà. Ní 1997, sátẹ́láìtì BeppoSAX tọ́ka ibi tí ọ̀kan wà dáadáa tó fi jẹ́ pé wọ́n rí èéfín iná rẹ̀ lẹ́yìn tó bú tán, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wọn jíjìnnà òmíràn: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún. Èyí tó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, ìràwọ̀ ńlá tó wó lulẹ̀ sínú ara rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó bá kúrú, ìràwọ̀ niutírọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn òkú ìràwọ̀ ńlá tó ki pọ̀ gan-an, ló sábà máa ń forí gbárí. A rí ẹ̀rí èyí kejì ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017, nígbà tí ìgbì òòfà ilẹ̀ (gravitational waves) láti ibi ìforígbárí náà dé ayé, tí ìtànṣán gámà sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1.7. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò sùn lóru ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀.

Mo ti sáré kọjá ibi tó dùn mí. Ó yẹ kí n padà síbẹ̀.

Ní 2012, mo wà láàárín iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi. Gbogbo ohun tí mo ń kọ dúró lórí èrò pé ìbúgbàù gámà ni orísun ìtànṣán ojú ọ̀run tó lágbára jù. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí èérún kan tí wọ́n ń pè ní niutiríínò máa bá wọn jáde. IceCube, ẹ̀rọ tí wọ́n rì sínú yìnyín ní gúúsù ayé pátápátá, ń wá wọn. Lọ́dún yẹn ni wọ́n kọ ọ́ jáde: a wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ìbúgbàù, a ò rí ẹyọ kan. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì lórí àga, mo lọ sùn láìjẹun. Ọdún méjì iṣẹ́ mi ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Màámi pe mí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Wọn ò kà kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n ní kí n sọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n wá a dáadáa?"

"Wọ́n wá a dáadáa, mà."

"Wọn ò sì rí i."

"Wọn ò rí i."

"Ó dáa. Aṣọ tí aró bá gbà tán láti etí dé etí, àwòrán wo ló wà lára rẹ̀? Ibi tí aró kò dé ni mo ń tà láti ọjọ́ yìí wá, òun náà ni mo fi rán ẹ níwèé."

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo yí iṣẹ́ mi padà. Dípò kí n máa kọ bí ìbúgbàù ṣe ń bí ìtànṣán ojú ọ̀run, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀: nígbà tí a kò ti rí niutiríínò wọ̀nyí, irú ìbúgbàù wo ni kò lè jẹ́ orísun mọ́, èwo ló ṣì kù? Orí yẹn ló dára jù nínú ìwé oyè mi, àwọn tó yẹ ìwé náà wò sọ bẹ́ẹ̀.

Lákòókò yẹn náà ni mo lọ sí Nàmíbíà láti lọ wo H.E.S.S., ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wá ìtànṣán gámà, tí wọ́n fi orúkọ Victor Hess sọ. Àwo ńlá mẹ́rin ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìkarùn-ún tó fẹ̀ tó mítà 28 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkè gbígbẹ ni, kò sí iná ìlú kankan, òkùnkùn ibẹ̀ sì mọ́ bí omi ìsun. Àwọn àwo náà kì í wo ìtànṣán gámà fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ni wọ́n ń wò, èyí tó máa ń tàn yẹ̀rì nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí ìtànṣán bá fọ́ sókè. Mo sọ fún ẹni tó dúró tì mí pé àwọ̀ ẹ̀lú ni. Kò mọ ẹ̀lú. Ní 2018, ẹ̀rọ yìí kan náà rí ìtànṣán láti ara ìbúgbàù kan ní wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn tó bú. Mo ti padà sílé nígbà náà, mo sì kí ara mi kú oríire bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Ilé ò rọrùn. Àwọn kan tó ṣèlérí owó ẹ̀rọ fún wa kò mú un ṣẹ, a dúró fún ọdún méjì. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, àmọ́ ó dùn mí fún àwọn ọmọ tó gbára lé ìlérí náà. Ohun tó gbà wá ni pé gbogbo ohun tí Fermi bá rí láti 2008 tó ti gòkè ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. A máa ń fi dátà òru gbà á, láàárín agogo méjìlá sí agogo márùn-ún àárọ̀, tí iná bá wà. Lẹ́yìn náà ni mo rí CosmicWatch, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka múọ́ọ̀nù, tí àwọn ará MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, la ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kàn án sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ ló bá wa jó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le jù tèmi lọ. Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A to pàlàbà méjì lé ara wọn, a sọ fún ẹ̀rọ pé kó má ka nǹkan kan àfi tó bá gba inú méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Báyẹn ni ìtànṣán inú òkúta kò ṣe ní tàn wá jẹ. Ẹ̀rọ kejì, tó ń ka gámà, ni a kò dáàbò bò bẹ́ẹ̀.

Òun ló tàn mí jẹ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Uranium inú òkúta wa ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó ń bí gáàsì kan tó ń jẹ́ radon, radon ń yọ jáde nínú ilẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, òun náà sì ń bí òjé àti bismuth tó ń lẹ̀ mọ́ eruku. Tí òjò bá rọ̀, ó ń fọ̀ wọ́n wá sílẹ̀. Ilẹ̀ tútù náà á wá máa tú ìtànṣán gámà jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì òjé yẹn ń lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 27, ìdajì bismuth láàárín bí ìṣẹ́jú 20, nítorí náà láàárín wákàtí díẹ̀ ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà. Ìlà tèmi sì padà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbúgbàù tí Fermi rí kò lò tó ìṣẹ́jú kan.

Ó yẹ kí n mọ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa nípọn bí omi tó jìn ní mítà mẹ́wàá. Irú gámà tí Fermi ń fi mọ ìbúgbàù kì í là á kọjá dé ilẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé sátẹ́láìtì sókè nìyẹn, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ lọ́rọ̀ yìí láìmọye ìgbà. Àti pé nǹkan bí ìbúgbàù 240 ni Fermi ń rí lọ́dún kan. Méjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbàkígbà tí ìlà mi bá fò sókè, ìbúgbàù kan á wà nítòsí tí mo lè so ó mọ́. Ìfẹ́ tí mo ní láti rí i ló di ojú mi.

Nígbà tí mo délé, mo ń sọ ọ́ fún Màámi. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ìwé ìkọ̀wé kan tí etí rẹ̀ ti gbó jáde. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ òjò síbẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà tó máa ń bínú pé aṣọ kò tètè gbẹ. "Òjò, aago méjì kọjá díẹ̀. Aṣọ mẹ́jọ ò gbẹ." Ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Mo gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó tì í láti àárọ̀. Gbogbo ibi tí ìlà wa ti fò sókè láti oṣù Kẹrin, ó wà nínú ìwé Màámi, àfi méjì. Ọ̀kan nínú méjèèjì, iná ni wọ́n mú lọ tí wọ́n sì dá padà. Ìkejì ṣì wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ mọ ilẹ̀ tí mo dúró lé kí n tó wo òkè. A gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó Olúmọ, a gbé ẹ̀rọ méjèèjì wọ inú ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí, níbi tí ojú ọlọ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ṣì wà. Èyí tó ń ka gámà bẹ̀rẹ̀ sí í kà ju ti ìta lọ, nítorí òkúta yí i ká lókè nílẹ̀. Ìkà èyí tó ń ka múọ́ọ̀nù dín kù gan-an, nítorí àpáta tó wà lórí wa ti dá àwọn tí agbára wọn kò tó dúró. Ọ̀kan gòkè, ọ̀kan wálẹ̀, lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo ìwé, ó wo òkè, ó ní, "Mà, àbí a lè fi èyí tí kò dé mọ bí àpáta yìí ṣe nípọn tó?"

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí Luis Alvarez fi wá yàrá ìkọ̀kọ̀ nínú píránídì Íjíbítì ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi rí àlàfo ńlá kan nínú píránídì Khufu ní 2017. Àpáta ni ẹ̀kọ, múọ́ọ̀nù ni aró. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, nítorí ìyá tirẹ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú. Ìwé oyè rẹ̀ ló ń kọ lórí rẹ̀ báyìí. Ohun tí mo ti ń bínú sí, òkúta tó ń da ìkà mi rú, ti di iṣẹ́ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 2022, ọjọ́ Àìkú, agogo méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 17 ní aago wa, ìbúgbàù tó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dé. Nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún ló ti wà lọ́nà. Ó pọ̀ débi tí àwọn ẹ̀rọ kan lójú ọ̀run fi kún àkúnya tí wọn kò lè kà á mọ́, ó sì gbo afẹ́fẹ́ òkè ayé wa jìgìjìgì. LHAASO, ẹ̀rọ orí òkè ní Ṣáínà, ka ju 64,000 ìtànṣán lọ láti ara rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé irú rẹ̀ lè má wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sáré wá láti ilé ìjọsìn pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Àìkú lọ́rùn. A ṣí ìkà tiwa. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni mo gbé ìwé Màámi sí.

Ìlà náà kò fò. Ó lọ gbọọrọ gba aago méjì kọjá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ lókè. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́: agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú 17, kò sí. Wọ́n kọ ọ́. Ìgbà náà ni a tó jáde lọ jẹun.

Màámi ti ń dàgbà, wọn kì í wọ inú ìkòkò aró mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìwé náà sílẹ̀. Aago ògiri ni wọ́n ń wò báyìí dáadáa, nítorí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú kún un. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, fóònù mi dún.

"Àbẹ̀kẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ o. Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó sì lágbára."

"Ẹ ṣé, mà. Mo ti kọ ọ́."